Overclock fún Ẹni Tí Kò Ṣe É Rí: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Ní oṣù yìí, púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa dá lórí overclock, ìyẹn ni mímú kí processor kọ̀ǹpútà máa sáré ju bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi lélẹ̀ lọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni a fi àyè tí ó pọ̀ jù lọ fún, nítorí pé irú kọ̀ǹpútà tí ó ṣeé fi kọ́ṣẹ́ yìí ni ẹni tí ó kọ ọ́ ní, ó sì tún ní ìdí gidi tí kò fi gbọdọ̀ bà á jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà ni mo ń yà, tí mo sì ń tò, ní Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo fọwọ́ ara mi tò ni mo ń lò: Ryzen 5 5600 ni processor rẹ̀, B550 ni motherboard rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB, fáànù tí ó bá processor wá nínú páálí ni ó sì ṣì wà lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣe overclock, pé bí mo bá ti ṣe é, n kò ní í nílò láti ra processor mìíràn mọ́. Ó wù mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fọwọ́ ara mi ba ohun tí mo fi owó gọbọi rà jẹ́. Báwo ni ẹni tí kò ṣe é rí ṣe lè ṣe é láìséwu?
Òǹkàwé yín láti Bódìjà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2022 ni AMD gbé Ryzen 5 5600 jáde. Core mẹ́fà, ìyẹn àwọn apá inú processor tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá iṣẹ́ ṣe, ni ó ní, eré ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.5 GHz, ó sì lè fúnra rẹ̀ sáré dé 4.4 GHz nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń rí eré yìí: aago ìpìlẹ̀ tí ó wà lórí motherboard, tí ó jẹ́ 100 MHz, àti nọ́ńbà kan tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Bí nọ́ńbà kejì yìí bá jẹ́ 42, eré processor yóò jẹ́ 4.2 GHz. AMD kò ti nọ́ńbà náà pa lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Ryzen orí tábìlì, motherboard B550 sì gbà kí a yí i. Ká ní motherboard A520, tí kò gbà bẹ́ẹ̀, ni ẹ rà ni, ibi yìí ni ìdáhùn wa ì bá parí sí.

Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ayé àtijọ́ mu ju ti ìsinsìnyí lọ. Ní ọdún 1998, Intel gbé Celeron kan jáde tí a ń pè ní 300A, tí eré rẹ̀ jẹ́ 300 MHz. Wọ́n ti nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ pa sí 4.5, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ọgbọ́n rẹ̀ gbé aago ìpìlẹ̀ kúrò ní 66 MHz lọ sí 100 MHz, processor olówó pọ́ọ́kú náà sì di ti 450 MHz. Ó fi ìdajì eré rẹ̀ lé ti tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ san kọ́bọ̀ kún un. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ ti lọ. Processor òde òní ń wo ooru ara rẹ̀, ó ń wo iye iná tí ó ń jẹ, ó sì ń yí eré rẹ̀ padà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, kí ó lè sún mọ́ òpin agbára rẹ̀ láìkọjá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrè tí àwọn ènìyàn ń wá nígbà náà, ó sì ti tà á mọ́ processor náà. Ohun tí ó kù fún yín kò pọ̀. Ó wà ṣá.

Ní ti ìbẹ̀rù yín pé ẹ lè bà á jẹ́, ohun méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn, ìyẹn ooru àti fóltéèjì. Ooru ní olùṣọ́. Nígbà tí Ryzen 5 5600 bá gbóná dé 90°C, yóò dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, bí ooru náà bá sì tún ń gòkè kọjá ààlà, kọ̀ǹpútà yóò pa ara rẹ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Fóltéèjì tí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ̀ sínú BIOS, ìyẹn ètò inú motherboard tí a lè ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, kò ní irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀, iye tí ẹ bá pàṣẹ ni yóò máa wọ inú processor. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò máa jẹ àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, processor tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lórí eré tí kò ni ín lára tẹ́lẹ̀. Eré nìkan, tí a kò fi fóltéèjì kún, kì í pa processor. Bí ẹ bá bèèrè eré tí agbára rẹ̀ kò ká, kọ̀ǹpútà yóò dákẹ́ tàbí kí ó pa ara rẹ̀ kí ó sì tún ara rẹ̀ tan, ẹ ó sì dá nọ́ńbà padà sí ibi tí ó wà. Nítorí náà, ọwọ́ tí ẹ fi ń yí eré lè yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tí ẹ fi ń yí fóltéèjì máa gbọ̀n.

Ìṣirò kékeré kan wà tí ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ mọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Iná tí processor ń jẹ nígbà iṣẹ́ ń pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ní ti fóltéèjì, a ní láti fi iye ìlọsókè rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ gbé eré láti 4.2 GHz lọ sí 4.6 GHz, tí kò sì dúró dáadáa àfi ìgbà tí ẹ gbé fóltéèjì láti 1.2 lọ sí 1.35. Eré ti fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé, kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná ti fi nǹkan bí ìdá 39 lé. Processor yín, tí AMD fi ààlà 76 wọ́ọ̀tì sí, yóò máa jẹ nǹkan bí 105 wọ́ọ̀tì nígbà náà, gbogbo iná yẹn ni yóò sì di ooru tí fáànù kékeré inú páálí yóò máa bá jà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ fáànù ti dé yìí ni a ti ń yàtọ̀ sí àwọn tí ń ṣe fídíò overclock ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì. Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 21°C ni wọ́n ti ń dán tiwọn wò. Yàrá iṣẹ́ ní Ìbàdàn lè jẹ́ 32°C ní ọ̀sán oṣù Kẹta, pàápàá nígbà tí kò sí iná fún ẹ̀rọ amúlétutù. Fáànù kò lè mú processor tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ sí i lára lọ, nítorí náà, ìwọ̀n 11 tí yàrá fi gbóná ju tiwọn lọ yóò hàn lórí processor yín bí ó ti rí gan-an. Bí ẹni yẹn bá ní tòun kò kọjá 78°C, ẹ tètè kà á sí 89°C fún tiyín. Ẹ tún fi eruku ọyẹ́ kún un.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun nípa processor, ẹ lọ wo RAM. Ó yà mí lẹ́nu bí àwọn tí ń wá overclock ṣe máa ń gbójú fo èyí. Bí wọ́n bá kọ 3200 sí ara RAM yín, kò túmọ̀ sí pé ó ń sáré bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ motherboard ni yóò máa lò ó lórí 2133 tàbí 2400 títí di ọjọ́ tí ẹ bá wọ inú BIOS, tí ẹ sì tan ohun tí a ń pè ní XMP, tí Asus máa ń kọ ní DOCP lórí àwọn motherboard AMD rẹ̀. Ryzen 5 5600 gba DDR4-3200 gẹ́gẹ́ bí AMD fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́. Ẹ tún wò ó bóyá ẹyọ RAM kan ṣoṣo ni 16 GB yín jẹ́, nítorí pé ẹyọ 8 GB méjì tí a fi sínú ihò tí ó tọ́ ń fún processor ní ọ̀nà méjì dípò ẹyọ kan láti dé ibi tí iṣẹ́ wà. Ó ṣeé ṣe kí èrè tí ẹ óò rí níbí ju gbogbo ìyókù àlàyé yìí lọ, ewu rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tí ẹ ṣì ń fẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹ múra sílẹ̀. Ẹ ra fáànù onílé-ìṣọ́, èyí tí ó ní páìpù ìgbé-ooru tí fáànù rẹ̀ sì tó 120 mm ní fífẹ̀. Kò wọ́n ju agbára ẹni tí ó ti ra Ryzen lọ, òun nìkan náà sì lè jẹ́ kí processor fúnra rẹ̀ sáré sí i láìjẹ́ pé ẹ yí nọ́ńbà kankan. Ẹ wo motherboard yín bóyá irin ìtutù wà lórí àwọn ẹ̀yà tí ó ń pín iná fún processor, nítorí pé àwọn B550 olówó kékeré kan kò ní i, a kò sì gba ẹni tí ó ní irú wọn nímọ̀ràn láti fi iná kún iná. Ẹ kó gbogbo fídíò oníbàárà yín sí orí díìsìkì mìíràn. Bí BIOS yín bá ti pẹ́, ẹ sọ ọ́ di tuntun, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lórí UPS tàbí inverter, torí pé bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí iṣẹ́ yẹn ń lọ lọ́wọ́, motherboard lè má tan mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gba HWiNFO, tí yóò máa fi ooru, fóltéèjì àti eré hàn yín, àti Cinebench R23, tí yóò máa fún processor ní iṣẹ́ tí yóò sì wọn bí ó ṣe yára tó. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ẹ lo Cinebench fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó yí ohunkóhun, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé: iye àmì tí ó fún yín, ooru tí ó ga jù lọ, àti eré tí àwọn core ń sá. Ẹni tí kò mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kò ní í mọ̀ bóyá ó ń lọ síwájú tàbí ó ń padà sẹ́yìn. Ẹ má fòyà bí HWiNFO bá fi 1.4 fóltéèjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn yín nígbà tí kọ̀ǹpútà kò ṣe iṣẹ́ gidi kan. Bí Ryzen ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí core kan péré bá ń sáré fún ìgbà díẹ̀, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí gbogbo wọn bá wọ iṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú yín báyìí. Èyí tí àwọn àgbà overclock mọ̀ ni kí a tẹ eré kan àti fóltéèjì kan pa fún gbogbo core. Èkejì ni kí a jẹ́ kí processor máa bá ìdarí ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí a ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí ẹ gbà, ìdí rẹ̀ kò sì le. Bí ẹ bá tẹ gbogbo core pa sí 4.3 GHz, iṣẹ́ tí ń lo gbogbo wọn lè yá díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé core kan ni ó ń ṣe wọn, bí ìgbà tí ẹ bá ń fa fídíò síwá sẹ́yìn tí ẹ sì ń gé e, yóò pàdánù 4.4 GHz tí wọ́n ti ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Inú BIOS, lábẹ́ ibi tí a kọ AMD Overclocking sí, ni ẹ óò ti rí Precision Boost Overdrive. Ẹ tan án, kí ẹ sì wá Curve Optimizer nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dín fóltéèjì tí processor ń bèèrè kù, kò fi kún un rárá. Nígbà tí fóltéèjì bá dín kù, ooru á dín kù, processor á rí i pé àyè ṣí sílẹ̀, á sì fúnra rẹ̀ gbé eré sókè. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀nà yìí ni ó yẹ ilẹ̀ olóoru jù lọ: eré àti ìtutù ń wá pọ̀, kò sì sí fóltéèjì àfikún tí yóò ṣe processor ní jàǹbá. Ẹ yan Negative fún gbogbo core, kí ẹ fi 10 síbẹ̀, kí ẹ sì dán an wò. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń dín nǹkan bí 3 sí 5 mílífóòtì kù, 30 sì ni ó lè lọ dé. Bí 10 bá dúró, ẹ gbé e sí 15, lẹ́yìn náà 20. Ẹ má ṣe yí ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, nítorí pé bí kọ̀ǹpútà bá kọsẹ̀, ẹ kò ní í mọ èyí tí ó fà á. Ìgbà tí èyí bá ti dúró pátápátá ni ẹ tó lè fi 50 tàbí 100 MHz lé òkè eré, níbi tí a kọ Max CPU Boost Clock Override sí. AMD gbà kí ó dé 200, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń lé yín.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lórí ọ̀nà ti àtijọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti eré tí àwọn core yín ń sá nígbà tí Cinebench ń ṣiṣẹ́, kí ẹ máa fi 50 MHz gòkè, kí fóltéèjì má sì kọjá 1.25. Àwọn kan ń lo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kò sí lára wọn.

Ìdánwò ni iṣẹ́ tó kù, òun ni àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sì máa ń kánjú ṣe jù lọ. Cinebench fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó ẹ̀rí. Ẹ lo OCCT tàbí Prime95, àwọn ètò tí ń fún processor ní iṣẹ́ líle láti dán an wò, fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ máa wo ooru, bí ó bá sì ń kọjá 85°C, ẹ dá a dúró kí ẹ dín ohun tí ẹ fi kún un kù. Curve Optimizer tún ní ìwà kan tí ó ń tan ènìyàn jẹ: ó lè dúró ṣinṣin lábẹ́ iṣẹ́ tó wúwo, kí ó sì kọsẹ̀ nígbà tí ẹ jókòó tí ẹ ń ka lẹ́tà lásán, torí pé ìgbà yẹn gan-an ni core kan ń sáré jù lọ lórí fóltéèjì tí ẹ ti dín kù. Nítorí náà, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí ẹ sì máa ṣí Event Viewer nínú Windows láti wá ohunkóhun tí a kọ WHEA-Logger sí. Àṣìṣe tí processor rí tí ó sì bò mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú ni WHEA máa ń jẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ sún Negative padà pẹ̀lú ìwọ̀n márùn-ún. Gbogbo ìdánwò yìí gbọdọ̀ wáyé lórí iná tí kò ní í já, nítorí pé bí iná bá lọ láàárín, tí ẹ kò sì sí nítòsí, ẹ kò ní í lè sọ bóyá processor ni ó kọsẹ̀ tàbí àwọn oníná ni ó mú tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi gan-an nípa iṣẹ́ yín. Fún ẹni tí ń tò fídíò ìgbéyàwó, kọ̀ǹpútà tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́ ju òmíràn lọ kò burú tó èyí tí ó kú nígbà tí fídíò kù díẹ̀ kí ó jáde tán, tàbí èyí tí ó fi àmì dúdú sí ojú ìyàwó láìsọ fún yín. Ẹ tan XMP, ẹ pààrọ̀ fáànù, ẹ lo Curve Optimizer dé ibi tí ó bá dúró, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá ṣì ń falẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo káàdì àwòrán yín, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ ètò ìtò-fídíò, òun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú iṣẹ́ kíkó fídíò jáde, kò sì sí overclock processor tí yóò wo ìyẹn sàn. Ẹ sì mọ̀ pé AMD kò ka ohun tí overclock bá bàjẹ́ kún ìdánilójú tí ó ṣe fún oníbàárà, èyí sì kan Precision Boost Overdrive pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Laptop tòkunbọ̀ tí mo ń lò ní processor Core i5-8250U, ó sì ń falẹ̀ gan-an bí mo bá ṣí ohun méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Ṣé mo lè ṣe overclock rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá. Lẹ́tà U tí ó wà ní ìparí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé a ṣe é fún iná kékeré, wọ́ọ̀tì 15, Intel sì ti nọ́ńbà ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ pa. Àní ọgbọ́n dídín fóltéèjì kù tí àwọn ènìyàn ń dá lórí irú laptop yẹn tẹ́lẹ̀, BIOS tuntun ti tì í pa lórí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí fi hàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2019 pé a lè gba ọ̀nà yẹn jí àṣírí inú processor.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Laptop tí ó ti lo ọdún mélòó kan lókè òkun kí ó tó dé ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí eruku ti dí fáànù rẹ̀, kí ọ̀dà ìgbé-ooru tí ó wà láàárín processor àti irin ìtutù sì ti gbẹ. Processor yín lè dé 3.4 GHz nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù. Bí ó bá ń gbóná kọjá àlà, 1.6 GHz tàbí kí ó kéré sí i ni yóò máa sá. Ẹ ní kí atúnkọ̀ǹpútàṣe tí ẹ fọkàn tán ṣí i, kí ó gbọn eruku rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà tuntun sí i. Bí díìsìkì ayípo àtijọ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀, bí RAM rẹ̀ bá sì jẹ́ 4 GB, ẹ sọ ọ́ di 8. Eré tí ẹ ń wá wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ̀wé láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní kọ̀ǹpútà tí ó fi ń ṣe eré ìdárayá, Core i7-13700K ni processor rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe overclock, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé àwọn processor Intel kan ń bàjẹ́ fúnra wọn. Ṣé kí n gbà fún un?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́, ó sì kan processor ọmọ yín. Ní ọdún 2024, Intel jẹ́wọ́ pé àwọn processor orí tábìlì rẹ̀ ti ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń bèèrè fóltéèjì tí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ, pé èyí sì ń ba apá kan nínú wọn jẹ́ láìtún ní àtúnṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó gbé àtúnṣe kan tí a ń pè ní 0x129 jáde, tí kò jẹ́ kí processor bèèrè ju 1.55 fóltéèjì lọ, òmíràn tí a ń pè ní 0x12B sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Inú BIOS tuntun ni àtúnṣe wọ̀nyí ń bá wá. Wọ́n lè dènà ìbàjẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè wo èyí tí ó ti bàjẹ́ sàn.

Nítorí náà, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ́kọ́ wá BIOS tuntun sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe motherboard rẹ̀, kí ó fi sí i, kí ó sì yan ètò tí a kọ Intel Default Settings sí. Bí kọ̀ǹpútà náà bá ti ń kú fúnra rẹ̀ láàárín eré ìdárayá kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó má ṣe overclock rárá. Ẹ wá ìwé tí ẹ fi rà á jáde, nítorí pé Intel ti fi ọdún méjì kún ìdánilójú àwọn processor tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ó sì di ọdún márùn-ún fún èyí tí a rà nínú páálí. Èyí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdí tí mi ò fi ní í gbà fún un bí ó bá jẹ́ ọmọ mi: kò bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fóltéèjì sókè lórí processor tí fóltéèjì ni àrùn rẹ̀, kí ó sì fi ìdánilójú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn sí i wewu. Kò pọn dandan kí ìtara rẹ̀ kú. Ó lè kọ́ bí a ṣe ń fi ààlà sí wọ́ọ̀tì. Intel gba processor yẹn láyè dé 253, bí ó bá sì dín in kù sí 180, yóò rí bí eré ìdárayá rẹ̀ kò ṣe ní í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, tí ariwo fáànù yóò sì lọ sílẹ̀.

Kì í ṣe Intel nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2023, àwọn Ryzen 7000 kan, pàápàá àwọn tí orúkọ wọn parí sí X3D, jóná nítorí pé àwọn motherboard kan ń gbé fóltéèjì apá tí a ń pè ní SoC ga jù nígbà tí a bá tan EXPO, ètò tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tí XMP ń ṣe, fún RAM. AMD fi ààlà 1.3 fóltéèjì sí i lẹ́yìn náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lo ìran yẹn gbọdọ̀ wo ọjọ́ orí BIOS rẹ̀ kí ó tó tan EXPO.

ÌBÉÈRÈ: Inverter àti bátìrì oòrùn ni mo ń lò nílé ní Abẹ́òkúta. Ṣé overclock kò ní í jẹ bátìrì mi tán?

ÌDÁHÙN: Yóò jẹ ẹ́ kánkán sí i. Bí bátìrì bá jẹ́ ohun iyebíye fún yín, ìdàkejì overclock ni ẹ nílò: lórí Ryzen, ẹ wá Eco Mode nínú BIOS tàbí nínú Ryzen Master, kí ẹ sì sọ processor oníwọ́ọ̀tì 65 di oníwọ́ọ̀tì 45.

ÌBÉÈRÈ: Mo yí nọ́ńbà nínú BIOS, mo tẹ Save, láti ìgbà náà ni ojú kọ̀ǹpútà mi ti dúdú. Fáànù ń yí, àwòrán kò wá. Ṣé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn? Ẹ gbà mí o.
Láti Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Bóyá ni ẹ fi bà á jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìpa á, pàápàá bí ó bá jẹ́ RAM ni ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀, nítorí pé motherboard òde òní máa ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀melòó kan kí ó tó padà sí ètò àtijọ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ wá bátìrì pẹlẹbẹ tí a kọ CR2032 sí lára lórí motherboard, ẹ yọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì dá a padà. Bí ìwé tí ó bá motherboard wá bá fi ibi tí a kọ CLR_CMOS sí hàn yín, ẹ lè fi orí ìṣídè (screwdriver) so irin méjèèjì ibẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá dípò yíyọ bátìrì, nígbà tí okùn iná kò sí lára rẹ̀.

Gbogbo nọ́ńbà yóò padà sí bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é, títí kan ọjọ́ àti aago. Bí ẹ bá rí i pé nọ́ńbà yín ń pòórá fúnra wọn lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, bátìrì CR2032 yẹn ti kú. Ẹ ra òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta bátìrì aago kí ẹ tó tún nọ́ńbà kankan tẹ̀.